Obìnrin Tó Gé Àwọ̀n Òkú

Ìyá tó bí bàbá mi ti kú. A ti sin ín, àwọn àlejò ti lọ, àwọn àga tí a yá ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Ìbátan tó bá rí mi á kọ́kọ́ wo ojú mi bóyá ó pọ́n. Kò pọ́n. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń dá wọn lóhùn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọwọ́ náà kú: o rí i pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n bí o bá gún un, kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìwé mi ò pọ̀. Àárín ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti yà kúrò, mo wọ inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mi ní etí omi níbí. Láti Ugbonla dé Zion Pepe, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ń gbé àwọ̀n tó ya wá bá, Bánjí ni wọ́n máa dárúkọ fún yín. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ máa ń jókòó dúró de ọwọ́ mi. Ẹni tó lè hun àwọ̀n tí ẹja ò fi ní ríhò jáde, ọ̀rọ̀ wo ni kò ní lè so pọ̀?

Mi ò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i. Òun gan-an ò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ orí tó sì máa ń pe ara rẹ̀ ń yí padà, ó dá lórí ẹni tó ń bá jà. Bó bá ń bá àgbà jà, ó ti ju onítọ̀hún lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í léèrè, ó ti tún kéré. Ìye Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, torí ìye ni àwa Ìlàjẹ ń pe ìyá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa kọ "wọ́n" fún àgbà bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti òun kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ náà kún un bí ẹ ṣe ń kà á.

Ilé rẹ̀ wà lórí òpó bíi tí gbogbo wa, omi ń kọjá lábẹ́ yàrá tó ń sùn. Ní àárọ̀, kó tó fẹnu kan ohunkóhun, á jókòó sí etí pákó tó wà níwájú ilé, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan tí mo kan ìṣó sí lórí fún un. Ohun tí omi bá gbé bọ̀ ló ń fi ìṣó náà gún: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ike ọtí, bàtà rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ kan, àjákù àwọ̀n. Á gún un, á gbé e sókè, á wò ó, á bá a wí. "Ìwọ náà tún dé. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ sọ́dọ̀ mi?" Á wá kì í sínú àpò ìrẹsì. Bí àpò bá kún, ọkọ̀ mi ló máa bá lọ sí Igbókọ̀dá, níbi tí mọ́tò ti lè gbé e dé orí ilẹ̀ gidi. Ọkọ̀ mi ni, torí kò sí ọkọ̀ tó lè gba ẹrù tó o lágbègbè wa bí kò ṣe èyí tí mo gbẹ́ fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ibí. Ilẹ̀ ló wọ́n wa. Pàǹtírí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é. Wọ́n á máa da á sábẹ́ ilé títí á fi ga, wọ́n á da yanrìn lé e lórí, wọ́n á ní àwọn ti ní ilẹ̀. Bí òkun bá wá ru lọ́jọ́ kan, á kó yanrìn lọ, pàǹtírí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú omi. Ìye Àgbà ò gbà kí ẹnikẹ́ni da ẹyọ kan sábẹ́ tiwa. Torí bẹ́ẹ̀ ni ilé wa fi wà lórí omi dòní nígbà tí àwọn ará iwájú wa ti ń gbin ata.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá rí ló máa ń rán lọ sí Igbókọ̀dá. Èyí tó bá mọ ilé rẹ̀, á dá a padà. Lọ́jọ́ kan èmi ni mo wa ọkọ̀ fún un dé ẹnu pákó Ìyá Bọ́lá, obìnrin tó ń ta omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní òdìkejì odò. Àwọn oníbàárà kún ibẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ọjà. Ẹ gbàgbé ẹrù sílé mi."

"Ẹrù wo nìyẹn, Ìye?"

Ó gbé àpò kan lé pákó. "Ọ̀rá omi ni. Mo ti ṣàn wọ́n fún yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé wọ́n kọ orúkọ mi sí i lára ni?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ta aláwọ̀ ewé. Àwọn yòókù, búlúù ni tiwọn."

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́lá ní, "Ìye, ẹ má dá mi lẹ́bi. Omi ló gbé e."

Ìye Àgbà mú ọ̀rá kan jáde, ó fi etí rẹ̀ tí wọ́n ti gé jẹ hàn án. Ó ní, "Omi ò ní eyín, Ìyá Bọ́lá. Ta ló fi eyín já èyí?"

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Bọ́lá ti gbé agbọ̀n tí wọ́n ń kó ọ̀rá sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ó jẹ́ ẹni mímọ́ kan tí kì í pa ẹran. Ó pa á dáadáa. Mo ti rí i tó fi ọmọ odó kan ṣoṣo pa àwọ́nríwọ́n tó wá jí adìyẹ rẹ̀, a sì fi ata jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń gbẹ́ ẹyin ìjàpá òkun nínú yanrìn, ó máa ń sọ bó ṣe dùn tó láìtijú. Ohun tó máa ń bí i nínú ni èyí tó kú lásán. Bó bá rí ẹja tó jẹrà sínú àjákù àwọ̀n, tàbí akàn tó há sínú ike, á dúró lé e lórí, á sì béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, ìbáà ṣe èmi, ìbáà ṣe alàgbà ìjọ: "Ta ló jẹ ẹ́?" Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dáhùn. Á ní, "Ẹ rí i báyìí. Wọ́n pa á, wọn ò jẹ ẹ́."

Lékeléke kan wà tí a rí nínú ẹ̀gún lẹ́yìn ilé. Okùn àwọ̀n ti wé ẹnu rẹ̀ pinpin, kò lè là á, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Mo di ìyẹ́ rẹ̀ mú, torí ọwọ́ mi le, ẹyẹ ò lè já mọ́ mi lọ́wọ́. Ìye Àgbà fi gèlè bo orí rẹ̀, ó ń fi orí ọ̀bẹ tú okùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn sí i létí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ ń pariwo pé, "Ìye, ọbẹ̀ ti dé." Bí okùn ìkẹyìn ṣe já, ẹyẹ náà ò dúró kó dúpẹ́; ó fi ẹnu ṣá a ní ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde, ó fò lọ.

Mo ní, "Ìye, ó ti ṣe yín léṣe."

Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Mo fẹ́ dé ibi tí ìjà ti wà báyìí, torí láìsí ìjà náà, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ilé tiwa, wọn kì í jogún àwọ̀n. Bí apẹja bá kú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin ín, àwọn àgbà á kó àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ẹnu òkun, wọ́n á jù ú sínú ibú. Sísin àwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé bí wọn ò bá ṣe é, òkú á padà wá béèrè rẹ̀. A ti di onígbàgbọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n a ò fi èyí sílẹ̀; alàgbà ìjọ gan-an máa ń gbàdúrà sórí àwọ̀n náà kó tó lọ. Láyé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kó lè tọ́jọ́, síbẹ̀ bó bá ti wà nínú ibú, kì í pẹ́ tí á fi jẹrà dànù. Nígbà tí àwọ̀n náílọ́ọ̀nù dé, ó dára, ó lágbára, kì í jẹrà, gbogbo wa rà á. Kò wá sẹ́ni tó ronú pé èyí tí kì í jẹrà lọ́wọ́ alààyè, kò ní jẹrà lọ́wọ́ òkú.

Nígbà tí Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, kú, mo ti ń dá ọkọ̀ wà. Wọ́n sin àwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ó ṣe díẹ̀, èmi àti Ìye Àgbà lọ ra edé lọ́wọ́ àwọn apẹja etí òkun, a sì rí ohun kan tí òkun gbé sórí yanrìn, tí àwọn ẹyẹ ń bá jà. Àwọ̀n ni. Ìjàpá òkun ńlá kan wà nínú rẹ̀, okùn ti bọ́ sí i lọ́rùn àti lábẹ́ ọwọ́. Ẹyẹ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n wá jẹ ẹ́ tí àwọn náà há. Ẹja tó ti di egungun wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń rùn. Èmi fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n Ìye Àgbà ti rí ohun tó ń gbé àwọ̀n náà léfòó: awẹ́ bàtà rọ́bà pupa tí a gé róbótó-róbótó. Bàbá Àgbà nìkan ló ń fi pupa ṣe tirẹ̀ ní gbogbo ẹ̀bá odò wa.

Ó jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàpá náà. Mo fi ọ̀bẹ mi gé okùn náà kúrò lára rẹ̀, mo yí i padà, ẹyin hàn níbi tí àwọn ẹyẹ ti ya inú rẹ̀. Ìye Àgbà ò béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló jẹ ẹ́. Ó wo òkun. Ó ní, "Ọkọ mi ti kú, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ sin ín. Kí ló wá ń pa nǹkan fún?"

Ó kó àwọ̀n náà wálé láti fi han àwọn àgbà. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní: àbúrò Bàbá Àgbà, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dàgbà jù ú lọ mọ́. Ó wo àwọ̀n náà yípo. Ó ní òun mọ ohun tó fà á, wọn ò jù ú síbi tó jìn tó. Wọ́n di òkúta mọ́ ọn, wọ́n sì tún gbé e padà lọ sí ibú.

Ìye Àgbà ò bá wọn jà lọ́jọ́ náà. Opó tuntun ni. Ó kàn sọ fún mi bí ọkọ̀ wọn ṣe ń lọ pé, "Wọn ò gbọ́ mi."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìye Àgbà bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí òótọ́ ni: àwọ̀n bàbá mi ló gùn jù ní ẹkùn wa, ó máa ń gba ọkọ̀ méjì kí a tó lè tẹ́ ẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àgbà fẹ́ wá gbé e, wọ́n bá Ìye Àgbà tó jókòó sáàárín rẹ̀ nínú ilé. Ó ti tẹ́ ẹ yí ara rẹ̀ ká bí aṣọ, ọ̀bẹ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé e. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń gé. Àjákù rẹ̀ ti kún àpò.

Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Àwọ̀n ni mò ń gé, ọkọ mi." Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, torí ìyàwó ilé ni, gbogbo ọmọ ilé sì jẹ́ ọkọ fún un.

"Àwọ̀n òkú?"

"Àwọ̀n ọmọ mi. Èmi ni mo bí i, kì í ṣe òkun."

"Ẹ mọ̀ pé ó máa padà wá béèrè rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ní, "Bó bá wá, ẹ bá mi sọ fún un kó yà sọ́dọ̀ mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Bàbá Kékeré wo àwọn àgbà, wọ́n wo ilẹ̀. Ohun tó wá ṣe ni èyí tó mọ̀ pé ó lè dùn ún jù. Àwọn òkú ilé wa wà lórí ilẹ̀ gíga kan tí omi kì í dé, ibẹ̀ kò tóbi, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ náà. Ó máa ń lọ roko ibẹ̀, á máa pè é ní "yàrá mi". Bàbá Kékeré ní, "Ẹni tó bá gé àwọ̀n òkú ilé yìí, kò ní sùn láàárín àwọn òkú ilé yìí. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró báyìí, mi ò sọ nǹkan kan."

Ó gbé orí sókè, ó wò ó. Ó wá wò mí. Ó ní, "Bánjí, bá mi wá àpò mìíràn. Èyí ti kún."

Mo wá àpò fún un. Èmi náà ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Igbókọ̀dá.

Láti ìgbà náà, òun àti Bàbá Kékeré ò sọ̀rọ̀ síra wọn tààrà mọ́. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni, omi kan náà, ìjọ kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbà sọ̀rọ̀. Ìye Àgbà á kọjú sí Àǹtí Ẹ̀bùn, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a gbé, á ní, "Bá mi kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Sọ fún un pé ikọ́ rẹ̀ ti ń le, kó má máa jókòó sínú atẹ́gùn." Bàbá Kékeré tó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an á dá Àǹtí Ẹ̀bùn lóhùn pé, "Sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́." Bí edé bá dùn, Ìye Àgbà máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá Kékeré á jẹ ẹ́, á dá abọ́ padà ní fífọ̀. Kò sí èyí tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ara Ìye Àgbà kò yá mọ́, mo bi í léèrè. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa dùn létí. Mo ní, "Ìye, ibo lẹ fẹ́ kí a tẹ́ yín sí?"

"Yàrá mi. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi."

"Wọn ò ní gbà."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n."

"Bí wọ́n bá ní ká fi àwọ̀n rọ́pò ti bàbá mi ńkọ́?"

Àǹtí Ẹ̀bùn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún un. Ìye Àgbà ní, "Á jẹ́ pé ẹ sin mí síbi tí ẹ bá rí. Ẹ má fi mí pa nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn tó ní ìtumọ̀ nìyẹn. Omi mímu nìkan ló ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó kú, a gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, mo sì lọ bá Bàbá Kékeré. Àwọn àgbà yòókù wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi tí kì í tètè dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Bàbá Kékeré ti mọ ohun tí mo bá wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ò le. Àwọ̀n kan ṣì wà tí ilé yìí jẹ omi ní gbèsè, láti orí bàbá mi. Kí n mú àwọ̀n kan wá, ká gbé e lọ sí ẹnu òkun, wọ́n á ṣílẹ̀ fún Ìye Àgbà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rò pé mo máa sáré lọ gbé ọ̀kan nínú tèmi wá, torí gbogbo ayé mọ̀ pé àwọ̀n kún ilé mi.

Mo bi í pé, "Bàbá, àwọ̀n irú wo?"

Ó ní, "Àwọ̀n ni mo wí. Ìwọ ló yẹ kó mọ irú àwọ̀n."

Mo gba ọ̀nà Igbókọ̀dá lọ lọ́jọ́ náà, mo ra òwú lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún ahunṣọ. Òwú gidi, tí kò ní rọ́bà nínú. Mo lọ́ ọ pọ̀ kó lè nípọn, mo jókòó sí ẹnu pákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kò rọrùn. Òwú máa ń fà, ó máa ń tú, ó ń gé mi níka. Ẹlòmíràn ìbá ti jù ú sílẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé aṣọ ni àbí àwọ̀n. Àǹtí Ẹ̀bùn mú oúnjẹ wá, ó dúró tì mí.

"Bánjí, o ò tíì sunkún."

Mo ní, "Mò ń hun àwọ̀n."

Ó jókòó, ó ń bá mi lọ́ òwú.

Nígbà tí mo gbé e dé iwájú àwọn àgbà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ yìí fẹ́ fi aṣọ ìnura tan òkun. Bàbá Kékeré ò rẹ́rìn-ín. Ó fa etí àwọ̀n náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣáná. Ó ṣáná sí etí rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́, á dì bí omi igi. Èyí jó, ó di eérú, Bàbá Kékeré sì fi ọwọ́ lọ eérú náà.

"Òwú ni."

"Òwú ni, Bàbá."

"Kò ní tọ́jọ́ nínú omi."

"Bíi ti bàbá yín ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní èyí kì í ṣe àwọ̀n, pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ilé jẹ. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè. Ó ti tẹ́ àwọ̀n náà sórí eékún rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wá kókó rẹ̀ kiri. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní kókó yìí?"

"Ìye Àgbà ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Òsì ló máa ń di tirẹ̀ sí." Ó ká àwọ̀n náà dáadáa, ó gbé e fún mi. "Ẹ lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ so etí kan mọ́ òpó kan ní ẹnu òkun níbẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Àgbà tó ní wọ́n fẹ́ rẹ́ ilé jẹ kò wá sí ìsìnkú, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì wá. A gbé pósí kọjá níwájú ilé wọn, fèrèsé wọn wà ní títì. A tẹ́ Ìye Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Alàgbà gbàdúrà lé e lórí, ó sì gbàdúrà lé àwọ̀n òwú náà lórí. Èmi ni mo so etí rẹ̀ kan mọ́ òpó ní ẹnu òkun, tí mo jù ú sómi; ó léfòó díẹ̀ kó tó lọ sísàlẹ̀. Mo ń retí kí nǹkan kan ṣe mí. Mo ń wo ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Kékeré ránṣẹ́ pè mí. Ó ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà, ó ní ká lọ. Mo gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí a dé ìdí òpó, mo fa etí àwọ̀n náà. Ó ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀. Ibi tí mo ti dì í mú, ó já sí mi lọ́wọ́. Mo tún mú ibòmíràn, ó já. Mo kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀, síwájú rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ọwọ́ tú u lójúkojú, bí ẹni ń wá nǹkan nínú irun ọmọdé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹja, kò sí akàn, kò sí ẹyẹ.

"Kò pa nǹkan kan," ó ní.

"Kò pa nǹkan kan, Bàbá."

Ó da á padà sómi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kóòtù. Mo ti yí ọkọ̀ padà sílé, ilé sì ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán, kó tó tún lanu.

"Tèmi tó wà nílé, náílọ́ọ̀nù ni gbogbo rẹ̀," ó ní. "Bí ọjọ́ mi bá dé, ta ló máa gé e?"

Mo gbé àjẹ̀ mi kúrò nínú omi.

"Mo ní ọ̀bẹ, Bàbá."